Àgbébọ̀ ń kọ bí àkùkọ, ṣé ká pa á ni? Ìbéèrè yín lórí adìyẹ ẹ̀yìnkùlé

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Omù-Àrán. Ohun tó ká mi lára níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí mi. Adìyẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ ò rí rí, ẹ ní ayé ti wọ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa wo oúnjẹ ẹ̀, omi ẹ̀, oòrùn tó ń pa á àti ibi tó ń sùn, ká tó máa wo ojú aládùúgbò. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akànbí, Ìlọrin: Àǹtí, ẹ gbà mí o. Mo ní àgbébọ̀ dúdú kan, adìyẹ ìbílẹ̀ ni, ó ti tó ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ó ti yéyin ó ti pamọ fún mi láìmọye ìgbà. Nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ ló ṣíwọ́ ẹyin, mo ní bóyá ó fẹ́ sinmi ni. Àfi lásùbáà ọjọ́ kan tá a gbọ́ tí nǹkan ń kọ nínú ọgbà, ọkọ mi ní àkùkọ ta ló wọlé wa, ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àgbébọ̀ mi ni! Kò já geere bíi ti àkùkọ, ohùn ẹ̀ ha, ṣùgbọ́n ó ń kọ ṣáá ni. Ogbe orí ẹ̀ náà ti ń ga. Ìyá ọkọ mi ní abo adìyẹ tó bá ti ń kọ, ikú ló ń pè wọlé, ká pa á ká gbé e sọ sóríta. Mi ò fẹ́ pa á, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà dáadáa, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá tiwọn ni wọ́n sọ, mi ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n adìyẹ yìí ò pe ikú kankan. Òun gan-an lara ẹ̀ ò yá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ikùn abo adìyẹ, ti apá òsì nìkan ni ilé ẹyin tó ń dàgbà tó sì ń ṣiṣẹ́, ti apá ọ̀tún á kàn wà níbẹ̀ bíntín látìgbà tó ti wà lóròmọdìyẹ. Ilé ẹyin apá òsì yìí ló ń tú hòmóònù tó ń jẹ́ kó máa ṣe bí abo jáde. Tí nǹkan bá wá ṣe é, bóyá kókó hù sí i, bóyá àrùn wọ inú ẹ̀, hòmóònù abo á já wálẹ̀, ti apá ọ̀tún tó ti ń sùn látọjọ́ yìí á wá jí, kì í sì í jí bí ilé ẹyin, ohun tó jọ kóró akọ ló máa ń dà, hòmóònù akọ lá sì máa tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyin ti máa dúró, ogbe á ga, ohùn á yí, èékánná tó máa ń yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkùkọ náà lè yọ. Tó bá tún wá pààrọ̀ ìyẹ́, ìyẹ́ tuntun yẹn lè máa dán bíi ti àkùkọ, torí hòmóònù abo ló ń dá ìyẹ́ aláràbarà yẹn dúró lára abo, tí kò bá ti sí mọ́, ìyẹ́ á hù bó ṣe wù ú.

Kì í ṣe àwa nìkan lẹ̀rù irú èyí ń bà o. Ní ìlú Basel ní Switzerland, lọ́dún 1474, wọ́n gbé àkùkọ kan lọ síwájú adájọ́ pé ó yé ẹyin, wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n dáná sun ún tòun tẹyin ẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀mí burúkú ló máa pa jáde nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé abo tí ara ẹ̀ ti yí bíi ti àgbébọ̀ yín yìí ni. Ẹyẹ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n kó igi jọ fún, ó sì ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀ pé ohun kan náà la ṣì ń ṣe lóríta tiwa.

Ọ̀nà kejì wà. Ṣé àkùkọ wà nínú agbo yín? Ẹ ò sọ fún mi. Níbi tí kò bá sí àkùkọ, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á fọ́dún, èyí tó lágbára jù nínú àwọn abo lè gba ipò ẹ̀, á máa kọ, á máa gun àwọn yòókù, á máa bá wọn ṣọ́ àṣá. Tó bá jẹ́ èyí ni, ẹ wá àkùkọ sínú agbo, ó lè dákẹ́. Àmọ́ torí pé tiyín ti ṣíwọ́ ẹyin, tí ogbe ẹ̀ sì ń ga, ti àkọ́kọ́ ni mo fura sí. Ẹ rọra fọwọ́ kan ikùn ẹ̀. Tó bá wú bí ẹni pé omi wà níbẹ̀, tàbí tó ń rù, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ẹranko ní Yunifásítì Ìlọrin, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tó bá ń jẹun, tó ń rìn káàkiri, ẹ fi sílẹ̀ kó máa wà láyè ẹ̀, kíkọ ò ran ẹnikẹ́ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ò lè máa bọ́ adìyẹ tí kò yéyin, ẹ sè é, kò sí èèwọ̀ nínú ẹran ẹ̀ torí pé ó kọ, ṣùgbọ́n ẹ la inú ẹ̀ wò dáadáa, tẹ́ ẹ bá bá kókó káàkiri níbẹ̀ kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́.

Bàbá Àgbà, Omù-Àrán: Ọmọ mi, adìyẹ mi kan máa ń wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á na apá kan àti ẹsẹ̀ kan, á di ojú, á ya ẹnu, o máa rò pé ó ti kú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti da omi lé e lórí. Tó bá ṣe díẹ̀ á dìde, á gbọn ara, á máa jẹun lọ. Ṣé wárápá náà ń ṣe adìyẹ ni?

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o, ẹ kú ojú lọ́nà. Wárápá kọ́, ìwẹ̀ ló ń wẹ̀. Erùpẹ̀ gbígbẹ ni adìyẹ fi ń wẹ̀, á gbẹ́ kòtò kékeré, á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, á fẹsẹ̀ ta erùpẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́, erùpẹ̀ yẹn á gbá ọ̀rá tó ti pọ̀ jù lára ìyẹ́ dànù, á sì lé iná tó ń jẹ ẹ́ lára. Tó bá ṣe tán, á tún na apá sílẹ̀ yá oòrùn. Ẹ ní káwọn ọmọ má da omi lé e mọ́, ẹ kúkú bá a po eérú ìdáná tó ti tutù mọ́ erùpẹ̀ ibẹ̀, á dùn mọ́ ọn. Tó bá wó lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbi tí kò sí erùpẹ̀, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè dìde, ìyẹn yàtọ̀, ẹ tètè jẹ́ kí n gbọ́.

Nígbà tá a wà lórí adìyẹ tó dà bí òkú, mo mọ̀ pé àwọn ọmọdé máa ń fi orí adìyẹ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi igi fa ìlà gbọọrọ láti ibi ẹnu ẹ̀ lọ, adìyẹ á sì dúró síbẹ̀ láìmira bí ẹni tí wọ́n ṣe lóògùn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Àlùfáà Kátólíìkì kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Athanasius Kircher, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1646. Oògùn kọ́, oorun kọ́. Ìpayà ni. Adìyẹ rò pé ẹranko búburú ló mú òun, ó wá ṣe bí òkú bóyá onítọ̀hún á dẹwọ́. Nítorí náà Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fi ṣeré, ẹ̀rù gidi ló ń bà á nígbà yẹn.

Tíṣà kan, Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ Àǹtí. Mo ní adìyẹ nóílà díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Tí n bá ti dé láti ilé-ìwé, èèpo ẹyin lásán ni mò ń bá. Mo fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ, mo fẹ̀sùn kan ejò, kó tó wá di pé mo fojú ara mi rí adìyẹ tó sọ ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé fọ́ tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n fi ọ̀bẹ gbígbóná jó o lẹ́nu.

Tíṣà, ẹ má jó ẹnu ẹ̀. Irora lásán ni, kò sì ní kó gbàgbé. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹyin kan fọ́ fúnra ẹ̀, bóyá èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́, bóyá abo mẹ́ta ń jà sórí ìtẹ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tọ́ ọ wò, ó dùn, látọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú nǹkan róbótó yẹn. Àwọn tó kù á wò ó, wọ́n á kọ́ ọ. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin, tẹ́ ẹ bá wà níbi iṣẹ́ kẹ́ ẹ bẹ ẹnì kan nílé kó máa kó o láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹ fi àkísà dúdú ta ẹnu ìtẹ́ kí inú ẹ̀ ṣókùnkùn, ohun tí kò bá rí kò ní sọ ọ́. Ẹ wá òkúta funfun tó rí róbótó tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ igi bí ẹyin, ẹ kó o sínú ìtẹ́, á sọ ọ́ sọ ọ́ títí ẹnu á fi ro ó, á fi sílẹ̀.

Ẹ sì wo oúnjẹ wọn. Adìyẹ tó ń jẹ eèrí ògì àti ìyókù àmàlà nìkan ò lè rí ohun tó máa fi ṣe èèpo tó le. Ẹ lọ ìkarahun ìgbín, tàbí kẹ́ ẹ yan èèpo ẹyin kẹ́ ẹ gún un kúnná débi tí kò ní jọ ẹyin mọ́ lójú wọn. Ikán tá a máa ń wú nínú ògán láti fi bọ́ òròmọdìyẹ nílé wa lọ́hùn-ún, àwọn àgbà adìyẹ náà nílò ẹ̀, èròjà tó ń mú ara dàgbà ló wà níbẹ̀.

Ìyàwó Alhaji, Àjàṣẹ́-Ìpo: Láti oṣù kejì làwọn adìyẹ mi ti ń yé ẹyin tí kò ní èèpo, á kàn rọ̀ lọ́wọ́ bí awọ. Lọ́sàn-án wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á na apá kúrò lára, ọ̀fun wọn á máa gbọ̀n. Ẹnì kan ní àwọn àgbà, ìyẹn àwọn àjẹ́, ló ń mu ẹyin náà kó tó jáde.

Àlùhájà, ooru ni o. Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Wọ́n pa á lówe, ó sì bá ọ̀rọ̀ èèyàn mu dáadáa, àmọ́ adìyẹ gan-an kì í làágùn rárá, kò ní ihò òógùn lára. Ara ẹ̀ gbóná ju tiwa lọ, ó máa ń wà ní bíi 41 lórí ìwọ̀n Celsius, ọ̀nà tó sì fi ń lé ooru náà jáde kò ju kó ya ẹnu kó máa mí kíákíá, kó na apá kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ mọ bí Kwara ṣe máa ń rí láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin kí òjò tó balẹ̀, abẹ́ páànù yẹn bí iná ààrò ni.

Èyí tó kan ẹyin níbẹ̀ nìyí. Mímí tó ń mí lemọ́lemọ́ yẹn ń kó gáàsì tí wọ́n ń pè ní káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ti ara gáàsì yẹn wá ló yẹ kó pàdé èròjà kálísíọ̀mù kó tó di èèpo ẹyin. Ẹyin kan máa ń tó bíi wákàtí 25 nínú adìyẹ kó tó délẹ̀, bíi 20 nínú ẹ̀ ló ń lò níbi tí wọ́n ti ń fi èèpo bò ó, alẹ́ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Adìyẹ tí ooru mú ò tún ní jẹun tó, kálísíọ̀mù á dín kù, gáàsì á dín kù, ẹyin á jáde níhòòhò. Kò sẹ́ni tó mu nǹkan kan.

Ẹ gbé oúnjẹ fún wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán àti nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ìkarahun lílọ̀ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fún wọn kó lè wà nínú wọn mọ́jú. Ẹ pààrọ̀ omi lọ́sàn-án, kó tutù, kó wà lábẹ́ ìbòòji. Ẹ kó imọ̀ ọ̀pẹ lé páànù. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa tí ẹyin ṣì ń rọ̀, a jẹ́ pé àrùn wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹranko.

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Gánmọ̀: Àǹtí, ọrùn méjì nínú àwọn adìyẹ mi ti lọ́ pọ́n-ún, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n ń yí po lójú kan. Ìgbẹ́ wọn ti di àwọ̀ ewé. Àwọn kan ti kú. Wọ́n ní ẹnì kan ló sọ nǹkan sí wọn. Mo fẹ́ kó ìyókù lọ tà ní Ìpàta kí wọ́n tó kú tán.

Àbúrò mi, ìdáhùn yìí ti dé ọwọ́ ẹ kí ìwé ìròyìn tó jáde, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ síbí káwọn ẹlòmíì lè kà á ni. Má kó wọn lọ sọ́jà. Mo bẹ̀ ọ́. Lúkúlúkú nìyẹn, òun làwọn dókítà ń pè ní Newcastle, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ó sì wọ ọpọlọ wọn ni ọrùn ṣe ń lọ́. Adìyẹ kan tó o bá tà lọ́jà yẹn, ó lè pa ti odidi àdúgbò kan run, àwọn ìyá arúgbó tó jẹ́ pé adìyẹ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa jẹ níyà.

Àrùn yìí ti pẹ́ láàárín wa, nílùú Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ìparí 1952 wọ 1953. Títí dòní kò ní oògùn tó ń wò ó sàn. Tẹtirasáíkílìnì tí gbogbo èèyàn ń tú sómi yẹn ò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan, ata gígún náà ò lè ṣe é. Àjẹsára nìkan ló wà, kó sì tó dé ni wọ́n ń gbà á. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 dára fún adìyẹ ìbílẹ̀ bíi tiwa torí ó máa ń fara da ooru díẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, ẹ̀kán kan péré sínú ojú ni. Kí ọyẹ́ tó dé ni kẹ́ ẹ máa gbà á, torí àsìkò ọyẹ́ ni lúkúlúkú máa ń jà jù, kẹ́ ẹ sì máa tún un gbà lóṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra.

Ní báyìí, èyí tó ti kú, sin ín kó jìn tàbí kó o sun ún, má jù ú sí gọ́tà, má jù ú sódò Asà. Ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Bàtà tó o wọ̀ wọ ilé adìyẹ ẹ, má wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹlòmíì. Èyí tó bá yè lè máa gbé ọrùn wíwọ́ yẹn kiri fún ìgbà pípẹ́, fọwọ́ bọ́ ọ, má rò pé ó ti ya wèrè. Tó bá sì wá jẹ́ pé wọ́n ń kú rẹpẹtẹ lójijì, tí orí wọn wú, tí ogbe dúdú, má fọwọ́ lásán kàn wọ́n rárá, pe dókítà ẹranko ìjọba lójú ẹsẹ̀, torí àrùn èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù náà lè jọ ọ́. Irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ti yọjú ní Áfíríkà ní 2006, ìyẹn sì lè mú èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Tánkẹ́: Mo ra adìyẹ funfun kan mọ́ àwọn pupa mi. Ńṣe ni wọ́n pawọ́ pọ̀ sọ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ìdí ẹ̀. Ṣé torí àwọ̀ ẹ̀ ni?

Bóyá díẹ̀, àmọ́ àjèjì tó jẹ́ ló pọ̀ jù. Adìyẹ ní àgbà àti àbúrò láàárín ara wọn, olúkúlùkù mọ ẹni tóun lè sọ àti ẹni tó lè sọ òun. Thorleif Schjelderup-Ebbe, ọmọ ilẹ̀ Norway tó ti ń wo adìyẹ láti kékeré, ló kọ ọ́ jáde ní 1921, gbogbo ayé sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àlejò tó bá já lù wọ́n lọ́sàn-án á gba sísọ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wá yọ, àwọ̀ pupa máa ń fa ojú wọn, wọn ò ní dáwọ́ dúró, wọ́n lè pa á. Yọ ọ́ kúrò lónìí, fi GV, oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò yẹn, kun ojú egbò náà kó má pupa mọ́. Tó bá jinná, fi wáyà ya òun àtàwọn yòókù fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n máa rí ara wọn, kó o wá gbé e sáàárín wọn lóru nígbà tí wọ́n ń sùn. Tí àyè bá há tàbí oúnjẹ wà lójú kan ṣoṣo, ìjà ò ní tán, gbé abọ́ sí ọ̀nà méjì.

Ìyá Ọlọ́jà, Ẹ̀rìn-Ilé: Mo kó gbogbo ẹyin adìyẹ mi tà. Ó wá lọ sàba lé bàtà rọ́bà ọmọ mi, kò jẹun dáadáa, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á sọ yín. Orí ẹ̀ ò dà rú bí?

Orí ẹ̀ ò dà rú, ọmọ ló fẹ́ pa. Tí hòmóònù àbíyamọ yẹn bá ti gbà á, ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ẹ̀ ló máa ṣù bò, àyà ẹ̀ á gbóná, ìyẹ́ ibẹ̀ á tilẹ̀ re kí ooru ara ẹ̀ lè kan ẹyin. Ó ń ṣiṣẹ́ kára lórí bàtà, àánú ẹ̀ ṣe mí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà sẹ́nu ẹyin yíyé, ẹ gbé e sínú kéèjì tí abẹ́ ẹ̀ jẹ́ wáyà, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, kò gbọdọ̀ sí ìtẹ́ níbẹ̀, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi, láàárín ọjọ́ bíi mẹ́rin á gbàgbé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, màá fún un lẹ́yin. Ẹ wá ẹyin lọ́dọ̀ ẹni tó ní àkùkọ, ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ yọ bàtà, ẹ fi ẹyin sí i. Ti adìyẹ á pa ní bíi ọjọ́ 21, ti awó ní bíi 26 sí 28, ti pẹ́pẹ́yẹ wa yìí á tó ọjọ́ 35, ìyẹn sì pọ̀ jù fún un nísinsìnyí tó ti pẹ́ lórí bàtà, ẹ má fi ti pẹ́pẹ́yẹ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn: èyí tẹ́ ẹ bá rí iṣan pupa nínú ẹ̀ ti di ọmọ, èyí tó mọ́ gaara ẹ yọ ọ́ kúrò. Kẹ́ ẹ gbé omi àti ọkà sítòsí ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló máa ń dìde jẹun, tí kò bá dìde, ẹ rọra gbé e sílẹ̀ kó jẹ.